Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ti Ká Ẹní: Òbí Tó Ń Ṣọ̀fọ̀ Nínú Fíìmù

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olólùfẹ́ fíìmù sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyí, lẹ́yìn tí a jọ wo fíìmù Amẹ́ríkà kan, *Rabbit Hole*, tán. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè àwọn èèyàn sí ìparí.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kámẹ́rà wá, ẹ kú ìjókòó o. Fíìmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbi tí abiyamọ pọ̀ sí láìtọrọ gáfárà. Mo tọrọ gáfárà. Kí Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ.

Ẹ gbọ́ bí àmín yẹn ṣe ròkè tó! Ẹni tó bá ń gbọ́ wa láti ìta á rò pé ìsọjí là ń ṣe. Ibi àmín yẹn gan-an ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, bí ẹnu bá ti kan ikú ọmọ, àdúrà la máa ń sáré gbà. Bí a bá sì ti ṣe àmín tán, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Ó jókòó sáàárín wa, ó ń bá wa ṣe àmín sí ohun tó ti kọjá lórí tirẹ̀. Mo mọ̀ pé irú wọn wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Fíìmù wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ kú. Ìyá figbe ta, ó ń yí gbiri nílẹ̀, gèlè tú, àwọn obìnrin dì í mú. Bàbá káwọ́ lérí. Nínú ìran tó tẹ̀ lé e, a ti wà níwájú wòlíì tàbí babaláwo, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀: ta ló pa ọmọ mi? Láti ibẹ̀ lọ, apànìyàn ni fíìmù ń wá kiri. Orogún ni, àbí ẹ̀gbọ́n bàbá, àbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun. Bó bá fi máa parí, ẹni náà á ti máa ká bọ́rọ́bọ́rọ́ lójú ọjà, ìyá ọmọ á sì ti bí ìbejì. Nínú gbogbo rẹ̀, àwọn òbí ò ráyè ṣọ̀fọ̀ rárá. "Ta ló pa á?" ti gba ọ̀fọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, ó sì ti gbà á lọ́wọ́ àwa tí à ń wò. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn, ìyókù kàn jẹ́ àlàyé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí fíìmù yìí ṣe yà kúrò lọ́nà yẹn. *Rabbit Hole* lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 2010, John Cameron Mitchell ló darí rẹ̀. David Lindsay-Abaire ló kọ ọ́. Eré orí ìtàgé ló kọ́kọ́ jẹ́, eré náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ní 2007. Nicole Kidman ló ṣe ìyá, Becca, Aaron Eckhart sì ṣe bàbá, Howie. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Danny, ọmọ ọdún 4, sáré tẹ̀ lé ajá bọ́ sójú títì, mọ́tò gbá a. Ọmọ ilé ìwé girama kan ló ń wa mọ́tò náà.

Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ìsìnkú ti kọjá, oṣù 8 ti lọ. Ìyá wà nínú ọgbà, ó ń gbin òdòdó. Aládùúgbò kan yà wá pè é síbi oúnjẹ alẹ́, kò mọ̀ pé òun ti fẹsẹ̀ tẹ òdòdó náà mọ́lẹ̀. Becca ní kò sí wàhálà, ó sì wá àwáwí tí kò ní jẹ́ káwọn lọ síbi oúnjẹ. Ó tán. Kò sí ẹkún, kò sí orin arò. Síbẹ̀ a ti mọ irú ilé tí a wọ̀.

Oṣù 8! Ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n máa ń retí lọ́dọ̀ ìyá ọmọ níhìn-ín nígbà tó bá fi máa pé oṣù 8. Wọ́n ti ń wo ikùn rẹ̀. Ìyá ọkọ ti ń bi í pé ṣé ó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ dáadáa. Ibi tí fíìmù àwọn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni tiwa ti máa ń kọ "Ògo ni fún Ọlọ́run" sójú àwòrán.

Ta ló wá pa Danny? Nínú ìtàn náà, ajá ló kọ́kọ́ sá jáde. Bàbá ni kò fi ìkọ́ há géètì. Ìyá wọlé lọ gbé fóònù, àbúrò rẹ̀ ló sì ń pè é. Ọmọkùnrin tó wa mọ́tò jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí eré òun ti fi díẹ̀ kọjá iye tí òfin gbà láàyè. Olúkúlùkù ló ní tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ò tó ohun tí èèyàn lè dì mú kí ó sì gbẹ̀san lé lórí. Ẹni tó kọ eré yìí gbọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn tí gbogbo wa máa ń gbà sá jáde. Nígbà tí kò sí àjẹ́ láti lépa, tọkọtaya náà ò rí ibòmíràn wò ju ojú ara wọn lọ.

Mo dárúkọ àjẹ́, ẹ̀yin kan ti ń wò mí. Ẹ jẹ́ ká yà sí Òsósà, kò jìnnà. Ọmọ Òsósà ni Hubert Ògúndé, wọ́n bí i ní 1916, ọlọ́pàá ni kí ó tó fi gbogbo ara bọ́ sínú eré. Nígbà tó gbé *Aiyé* jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀, tí *Jáíyésinmi* sì tẹ̀ lé e ní 1980, àwọn èèyàn tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní láti wò ó. Nínú *Aiyé*, ọwọ́ àwọn àjẹ́ ni ibi ti ń wá, babaláwo kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá ló sì dìde sí wọn. Mi ò ní jókòó sí ìtòsí Òsósà kí n máa bú Ògúndé. Ìlú lódidi ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù ba agbo ilé, ohun tó ń ṣe ọjà àti oko. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ṣe é dáadáa. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Wọ́n mú àjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé àjẹ́ wọ inú yàrá tọkọtaya níbi tí kò sí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, wọ́n sì fi í bo ohun tó yẹ kí a rí.

Àbí irọ́ ni mo ń pa? Ìwádìí ìjọba lórí iye èèyàn àti ìlera ní 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni kì í pé ọdún 5. Ti 2023 sí 2024 mú un wá sí 110. Ó dín kù, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo iye ilé tó jẹ́. Ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru wà nínú ohun tó ń pa wọ́n jù. Èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí lẹ rí kí ó pa ọmọ nínú fíìmù Yorùbá láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an? Ẹ tún wo tírélà tó ń tò sí Ògèrè, ẹ wo oríta Ṣàgámù níbi tí mọ́tò Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Ọ̀rẹ̀ ti ń pàdé, ọmọdé sì ń gbé igbá gaàrí àti omi inú ọ̀rá sá láàárín wọn. Ìtàn Danny ò ṣàjèjì sí wa rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtùnú. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí.

Becca àti Howie ń lọ síbi ìpàdé àwọn òbí tí ikú gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya kan níbẹ̀ ní Ọlọ́run ló mú ọmọ àwọn nítorí pé ó nílò áńgẹ́lì kan sí i. Becca ò lè pa á mọ́ra. Ó ní ṣebí Ọlọ́run ni, kí ló dé tí kò kúkú dá òmíràn? Nígbà tí a dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan níwájú mi ní "Háà!", ẹlòmíràn sì rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ràn méjèèjì.

Àwa náà ní tiwa. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." "Ọlọ́run tó fúnni ló gbà á." "Ẹ má sunkún jù, kí ẹ má baà ṣàkóbá fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn." Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé agbè ò fọ́, ìyá ọmọ ló ń wò, ẹ̀rù ń bà á kí ikú má mú òun náà lọ. Àánú ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó dànù yẹn ní orúkọ. Ó ní bàtà kan tó fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ó ní oúnjẹ tí kì í jẹ. Ó ní bó ṣe máa ń pe "ìyá àgbà" tí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sọ pé agbè ò fọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní tuni nínú. Ẹni tó bá ṣì ń sọ ọ́ lóṣù kẹjọ, ó fẹ́ kí ìyá ọmọ panu mọ́ ni.

Ẹ wá wo ìyá Becca nínú fíìmù náà. Nat lorúkọ rẹ̀, Dianne Wiest ló ṣe é, lójú tèmi òun ló mọ eré ṣe jù níbẹ̀. Òun náà ti sọ ọmọ nù, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí oògùn olóró pa. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ tu Becca nínú ni Becca máa ń bínú: ọmọ mi ò jọ ọmọ yín, ẹ má fi wọ́n wéra. Ó wá di ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń kó ẹrù Danny pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé. Becca bi í bóyá nǹkan yìí máa ń lọ. Ìyá ní rárá, kì í lọ. Ó ní ó máa ń yí padà ni. Ó máa ń di ohun tí èèyàn lè gbé, bíi bíríkì nínú àpò. O lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, o ó kàn ki ọwọ́ bọ àpò, o ó bá a.

Ìyá àgbà pọ̀ nínú fíìmù wa. Èwo nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ti bi ní irú ìbéèrè yẹn rí? Àdúrà la máa ń kó sí wọn lẹ́nu, tàbí oògùn. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn bí ọmọ mẹ́jọ, mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Wọ́n ń sọ fún ìyàwó ilé pé "á dára", wọ́n sì mọ ohun tí wọn ò sọ.

Láàárín tọkọtaya ńkọ́? Bàbá máa ń jókòó lóru, á máa wo fídíò Danny nínú fóònù rẹ̀. Ìyá ń yọ àwòrán ọmọ kúrò lára fíríìjì, ó ń kó aṣọ rẹ̀ jáde, ó fẹ́ kí wọ́n ta ilé. Lọ́jọ́ tí fídíò náà pa rẹ́ lọ́wọ́ Becca, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ń kó ọmọ kúrò nílé kí òun lè mí. Èkejì ń kó o jọ kí òun lè mí. Olùdarí eré ò sọ fún wa ta ló jàre, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níhìn-ín, tọkọtaya kì í ráǹfààní ìjà yẹn. Wọ́n á ti mú ìyá ọmọ lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Kó tó padà dé, àwọn àgbà ilé ti palẹ̀ mọ́, aṣọ, bàtà, ife tó fi ń mu ẹ̀kọ, fọ́tò orí ògiri, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò bi í. Ẹ gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé obìnrin yẹn bó ṣe ń wọ yàrá, kó má sọ nǹkan kan, kó kàn máa wo ibi tí ìṣó fọ́tò ṣẹ́kù sí lára ògiri. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi orin sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orin sí gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀ yín.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú fíìmù yìí nílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ rò dáadáa. Ilé Becca tóbi, ó sì dá. Bó bá ti ilẹ̀kùn, ó ti ku òun nìkan. Ilé tiwa kún. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, àwọn ìyá á wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Àgọ́-Ìwòyè, láti Ìpẹru, wọ́n á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọ́n á máa sùn tì í. Ẹnì kan á máa se ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá ọmọ ò ní fẹnu kàn, ẹnì kan á máa bá a gbé ọmọ yòókù. Nǹkan tó dára ni, kí Ọlọ́run má gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n níbo ni obìnrin náà ti máa sunkún tinú rẹ̀? Ní balùwẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìdáná. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ sọ́jà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan á sì dé tí wọ́n á ká ẹní, tí oníkálukú á padà sílé rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìró ẹní tí wọ́n ń ká ṣí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọmọ tó wa mọ́tò. Jason lorúkọ rẹ̀. Becca rí i lójú ọ̀nà, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ní jẹ́jẹ́, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan ní ibi ìgbafẹ́. Ọmọ náà ń ya ìwé aláwòrán kan nípa ayé mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, níbi tí nǹkan ti rí bí kò ṣe rí níhìn-ín. Wọ́n kàn ń jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà ni yóò kó ọmọ náà wá. Ẹbí rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, wọ́n á gbé obì kalẹ̀, wọ́n á bẹ̀bẹ̀. Olórí ẹbí á yíjú sí bàbá ọmọ, bàbá á ní òun ti gbà fún Ọlọ́run, nítorí ohun tí wọ́n ní kí ó sọ nìyẹn. Ìyá wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Kò sí ẹni tó pè é. Ó ti dárí jini láìlanu. Mo máa ń rò ó pé bí ọlọ́kadà bá ni ọmọkùnrin náà ńkọ́? Bí ìyá náà bá wá dé ìdúró ọ̀kadà ní Ṣàgámù lọ́jọ́ kan, tó bá ọmọ náà níbẹ̀, tí òun nìkan ló sì ní àyè? Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, mo fi ìyẹn tọrẹ.

Ìsìnkú ni èyí tó kàn, a ó sì ya díẹ̀ sí Ítálì. Fíìmù kan wà, *La stanza del figlio*, tí Nanni Moretti darí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe bàbá nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé ní 2001. Ọmọkùnrin wọn lọ wẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, kò padà. Ìran kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: bàbá, ìyá àti ọmọ wọn obìnrin dágbére fún olóògbé, lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ bo pósí, wọ́n fi iná jó etí rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ yí síkúrù wọ̀ ọ́. Ariwo ẹ̀rọ yẹn! Kámẹ́rà ò yẹra fún un.

Ọmọ Yorùbá tó bá wo ìyẹn, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ níhìn-ín. Àwa Ìjẹ̀bú tí a máa ń dí títì bí àgbà bá kú, tí aṣọ ẹbí á lé ní irú mẹ́ta, tí olórin á ṣeré di àfẹ̀mọ́jú, bí ọmọdé bá kú, wọ́n ti sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá àti ìyá kì í mọ ojú oórì náà. Wọ́n ní kí ọkàn wọn má baà máa lọ síbẹ̀. Mi ò ní kí a pa àṣà náà rẹ́, mi ò sì ní kí a gbé e gẹ̀gẹ̀. Mo ń sọ pé eré ńlá wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe bó ṣe yẹ. Ẹ rò ó wò: àbúrò bàbá ló gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sin ọmọ sí. Wọ́n jọ ń gbé. Àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀kan mọ ibi tí ọmọ wà, ọmọ sì ni ti èkejì. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́, òun náà ò gbọdọ̀ béèrè. Bí wọ́n bá jọ ń lọ sóko, bàbá á máa ṣọ́ ibi tí ojú àbúrò rẹ̀ ń yà sí. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan tí àbúrò bá gba ọ̀nà tó jìn láìnídìí ni bàbá á mọ ibi tí kò fẹ́ kí àwọn gbà kọjá. Ẹ má sọ fún mi pé a ò ní ìtàn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1963, Olúṣẹ́gun, àkọ́bí ọkùnrin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kú nínú ìjàǹbá mọ́tò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹjọ́ ìdìtẹ̀ sí ìjọba ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́ lọ́wọ́ lákòókò náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sọ bàbá sẹ́wọ̀n ọdún 10. Inú oṣù Kẹsàn-án yẹn kan náà ni wọ́n bí ọmọ tí olóògbé ò fojú rí, Olúṣẹ́gun ni wọ́n sì sọ òun náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń pe ọmọ-ọmọ kó wá jẹun, ta ni wọ́n ń pè?

Ìwé tó sọ̀rọ̀ ẹjọ́ 1963 pọ̀. Wọ́n sọ ti adájọ́, ti ẹlẹ́rìí, ti òṣèlú. Ìyá ọmọ ni mo fẹ́ rí. H.I.D. Awólọ́wọ̀ ní ọkọ ní kóòtù àti òkú ọmọ nílé lọ́dún kan náà, lẹ́yìn náà ó tún dúró fún ọkọ rẹ̀ lójú agbo òṣèlú. Ó wà láyé títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2015, ó ku díẹ̀ kó pé 100 ọdún. Ọdún 52 ló fi gbé lẹ́yìn Ṣẹ́gun, ikú sì tún mú méjì mìíràn nínú ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Gbogbo Rẹ́mọ mọ̀ ọ́n sí Màmá tó jókòó lórí àga pẹ̀lú gèlè tó gún régé. Fíìmù tí mo ń wá, ìgbà tó bá tú gèlè náà ló máa bẹ̀rẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè.

Ìyá kan níwájú ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹkún tó wà nílé ò tó ni, tí ẹ fi fẹ́ ká tún máa sanwó lọ wò ó?" Mo ní ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, mo rí yín. Howie àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ìpàdé ọlọ́fọ̀ fa igbó nínú mọ́tò kí wọ́n tó wọlé, ẹ̀rín wá gbé Howie níbi tí ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀. Ó burú, ó sì pani lẹ́rìn-ín. Ilé ọ̀fọ̀ gan-an máa ń rí bẹ́ẹ̀. Màmá ní òótọ́ ni, pé nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ àwọn, àbúrò ọkọ òun kan ni kò jẹ́ kí àwọn kú, nítorí kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn panu mọ́.

Ọkùnrin kan tó jẹ́ olórí ìjọ bi mí bóyá ọ̀rọ̀ tí Becca sọ sí Ọlọ́run kò ní ba ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Mo ní Jóòbù sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú Bíbélì ló sì wà. Ẹ tún wò ó, ìyá Becca nínú fíìmù náà gbàgbọ́, ilé ìjọsìn ni òun ti rí ìtùnú, olùdarí ò sì fi í ṣẹ̀sín. Ó ní òun á rò ó sí i. Mi ò rò pé mo yí i lọ́kàn padà.

Ọ̀dọ́ kan tó ń gbé fíìmù sórí YouTube ní kí n máa bọ̀ wálẹ̀: bí ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ò bá gbóná, òǹwòran á ti lọ, ta ló fẹ́ wo obìnrin tó ń wo ìṣó? Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kó ṣírò owó tí wọ́n ń ná láti sọ àjẹ́ di ẹyẹ nínú kọ̀ǹpútà. Fíìmù tí mo ń sọ fẹ́ ilé kan, òṣèré méjì tàbí mẹ́ta tó mọṣẹ́, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó kẹ́yìn yẹn ló wọ́n jù. Ní ti òǹwòran, ẹ bi àwọn ìyá tó wà níhìn-ín bóyá wọ́n á wò ó. Mẹ́rin tàbí márùn-ún nawọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ márùn-ún ò tó san owó jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó kẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan láti Ṣàgámù. Ó ní ìyá tí mo ní ó dé ìdúró ọ̀kadà yẹn, kí ni yóò sọ fún ọmọ náà? Mo ní lójú tèmi, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn gun ọ̀kadà náà, wọn ò sì ní bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé. Ó mirí. Ó ní, "Ẹ dákun sà, obìnrin Rẹ́mọ kọ́ nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ ná owó ọ̀kadà ná. Ọmọ náà á ní òun ò gbà, kó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà á ní lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Èló ni? Ibi tí wọ́n ti máa jà nìyẹn." Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Mo ní kó lọ kọ ọ́, kó sì mú un wá kí a kà á.